Ọ̀rẹ̀, oṣù kẹjọ ọdún 1967: kí ló dá ọmọ ogun Bíáfírà dúró, ìbọn ni àbí ìṣèlú?

Ọmọ Odò Olúwa kọ̀wé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò nínú ìtàn ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ìyẹn ìjà Ọ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní agbègbè wa tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà pé "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀". Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá béèrè ohun tí ó gbé ọmọ ogun Bíáfírà dé inú igbó Oǹdó, àti ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ibẹ̀, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò ju pé àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ lé wọn padà. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967. Kí oṣù náà tó parí, nǹkan kò rọgbọ fún Bíáfírà mọ́. Àwọn ọmọ ogun Mohammed Shuwa ti gba Ogoja àti Nsukka láti apá àríwá, àwọn tí Benjamin Adékúnlé kó gba ojú òkun wọlé sì ti gba Bonny, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé epo rọ̀bì. Chukwuma Kaduna Nzeogwu, tí orúkọ rẹ̀ gba ìlú kan láti ìgbà ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966, ti kú sójú ogun nítòsí Nsukka. Ojukwu, olórí Bíáfírà, wá ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbé ogun kúrò lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, ọmọ ogun tí ọ̀pọ̀ akọ̀tàn fojú bù sí nǹkan bí 3,000 gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Àsàbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìlú Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìbọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dún. David Ejoor, gómìnà ológun Mídíwẹ́sìtì, sá pamọ́, ó sì rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà.

Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀gágun tí wọ́n mú ní oṣù kìíní ọdún 1966 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ ṣe Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ní jàǹbá, tí wọ́n sì tì mọ́lé títí Ojukwu fi tú u sílẹ̀ tí ó sì sọ ọ́ di bìrìgédíà. Ọmọ Yorùbá ló kó ọmọ ogun Bíáfírà wá sí ẹnubodè ilẹ̀ Yorùbá, Ojukwu kò sì yàn án láìnídìí. Ìrètí rẹ̀ ni pé bí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn bá rí i pé ọmọ wọn ló ń bọ̀, tí ó sì ń sọ pé òun wá gba ìlú lọ́wọ́ ìjọba Gowon, wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Bánjọ fúnra rẹ̀ sọ lórí rédíò ní Bìní pé ogun òun kì í ṣe ogun ìṣẹ́gun, àti pé òun kò wá sọ Mídíwẹ́sìtì di ara Bíáfírà.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dá ogun rẹ̀ dúró ju ìbọn lọ. Ṣọ́jà tí wọ́n sọ fún ní Enugu pé Bíáfírà ló ń jà fún, tí ọ̀gá rẹ̀ tún ń sọ ní Bìní pé ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà ni òun bá wá, kí ni yóò torí rẹ̀ kú sí Ọ̀rẹ̀? Ojukwu àti Bánjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò ṣàkóso Mídíwẹ́sìtì, Ojukwu sì fi Albert Okonkwo, tí í ṣe dókítà ológun, sípò náà. Bí wọ́n ṣe ń fa èyí mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ìjọba àpapọ̀ ń kó ọmọ ogun jọ. Nígbà tí ọmọ ogun Bánjọ yóò fi dé Ọ̀rẹ̀, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti wọ Bìní. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yin rò.

Ìyá Akọ̀tàn kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́, Ọmọ Odò Olúwa. Mo fara mọ́ ọ̀nà tí ẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní ìdajì. Ìlẹ̀kùn tí Bánjọ retí pé a ó ṣí fún òun, wọ́n ti tì í kí ó tó dé, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ọdún yẹn sì ni wọ́n tì í.

Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ fún àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn pé bí wọ́n bá fi àṣìṣe tàbí àìbìkítà jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn yà kúrò, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà kò gbọdọ̀ dúró mọ́. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn bóyá ìlérí ni tàbí ìkìlọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣáájú ìgbìmọ̀ onílàjà lọ bá Ojukwu ní Enugu, wọn kò sì rí i yí padà. Lákòókò kan náà, àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn ń béèrè pé kí a kó àwọn ṣọ́jà tí ó ti Àríwá wá kúrò ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, nítorí ara àwọn ènìyàn kò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ironsi àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966 tí wọ́n sì pa wọ́n. Bí Bánjọ bá dé ní oṣù kẹrin, bóyá àwọn kan ì bá gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, Gowon pín orílẹ̀-èdè yìí sí ìpínlẹ̀ 12. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ojukwu kéde Bíáfírà, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà, Awólọ́wọ̀ ti wọ inú ìjọba gẹ́gẹ́ bí igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ àti kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nínú ogun yẹn, ìpínlẹ̀ 12 ni mo kà sí iṣẹ́ ìṣèlú tí ó gbọ́n jù lọ. Ó fún àwọn Ìjọ̀, Ẹ̀fíìkì, Ìbíbíò àti àwọn tí ó yí wọn ká ní ìpínlẹ̀ tiwọn láìyìnbọn kankan, ilẹ̀ epo àti etí òkun sì di ohun tí Ojukwu ń jà lé lórí pẹ̀lú àwọn tí ó wà nínú agboolé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Isaac Boro, ọmọ Ìjọ̀ tí ó ti gbìyànjú láti dá ìjọba Niger Delta sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1966, fi jà lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, fún ìjọba àpapọ̀, títí ikú rẹ̀ ní ọdún 1968.

Mídíwẹ́sìtì náà ńkọ́? Ìbò ni àwọn ará ibẹ̀ dì ní ọdún 1963 láti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí kò fẹ́ gbé abẹ́ Ìbàdàn mọ́, ṣé ẹ rò pé yóò dunnú láti gbé abẹ́ Enugu? Àwọn Bìní, Urhobo àti Itsẹkírì kò pè Bánjọ.

Ní ti Ìbàdàn, ìránṣẹ́ ni Bánjọ fi ṣe ọ̀nà. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti lọ rí Ojukwu àti Bánjọ, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀gá ológun ní Ìbàdàn nígbà náà. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ṣóyínká wọ ẹ̀wọ̀n, ó sì lé ní ọdún méjì kí ó tó jáde.

Ajagunfẹ̀yìntì kọ̀wé:

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kọ, mo sì dúpẹ́. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú gbé ojú wa kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí.

Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá nígbà náà, ṣùgbọ́n oríta ni. Ẹni tí ó bá gbà á lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó, ó sì lè gba Oǹdó àti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bí ọ̀tá bá jókòó síbẹ̀, Gowon kò ní mọ ìlú tí yóò kọ́kọ́ dáàbò bò. Èyí ló fi hàn pé ẹni tí ó ya àwòrán ìrìn àjò yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé wọn kò fi gbogbo agbára wọn sí ojú ọ̀nà kan. Láti Bìní, wọ́n pín ogun sí mẹ́ta: apá kan kọjú sí Ọ̀rẹ̀, apá kan gba Auchi lọ sí ìhà Okene, apá kẹta gba ìhà Sapele àti Warri. Ọmọ ogun tí kò tó nǹkan, tí púpọ̀ nínú wọn kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìbọn, ẹ tún pín in sí mẹ́ta! Mo lè sọ fún yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wọ aṣọ ológun pé ọ̀gá tí ó bá ṣe èyí ti jẹ gbèsè tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ yóò san.

Ẹ wo ti ọ̀nà ọta ìbọn pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí ó ń bọ́ wọn, afárá kan ṣoṣo ni ó ń gbà kọjá ní Onitsha, kí ó tó la Àsàbà, Agbor àti Bìní kọjá. Nínú igbó ńlá tí ó wà láàárín Bìní àti Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà kan ṣoṣo ni, igbó ni lápá ọ̀tún, igbó ni lápá òsì. Ìwọ̀nba ènìyàn tí ó mọ ibi tí yóò fara pamọ́ sí lè dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró níbẹ̀.

Ní apá kejì, ìjọba àpapọ̀ yí padà pátápátá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Títí di ìgbà náà, Gowon ń pe ogun yẹn ní iṣẹ́ ọlọ́pàá láti mú aṣọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn tí Bìní bọ́, ó kéde pé ogun gidi ló kù. Wọ́n kó ẹ̀ka ogun kejì jọ ní wàràwàrà lábẹ́ Murtala Muhammed, pẹ̀lú ṣọ́jà tí wọ́n ṣà láti ibùdó oríṣiríṣi. Inú oṣù kẹjọ yẹn kan náà ni ọkọ̀ òfurufú ogun tí wọ́n rà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ló tì wọ́n kúrò ní Ọ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń lé wọn bọ̀ títí wọ́n fi gba Bìní padà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, Ọmọ Odò Olúwa, mo gbà pé ìṣèlú ló fa ìdádúró Bánjọ ní Bìní, ṣùgbọ́n ìdádúró nìkan kì í lé ogun padà. Àwọn kan dúró sójú ọ̀nà yẹn nínú òjò, wọ́n sì kú síbẹ̀.

Ará Ìkàrẹ́ kọ̀wé:

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Báwo ni odidi agbègbè kan ṣe bọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo? Ṣé kò sí ọmọ ogun Nàìjíríà ní Mídíwẹ́sìtì ni?

Ìyá Akọ̀tàn kọ̀wé:

Ó wà, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò pọ̀, àwọn tí ó sì wà kò fọkàn tán ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ apá Mídíwẹ́sìtì tí ó ń sọ èdè Ìgbò, àwọn kan nínú wọn sì ti mọ̀ nípa ìkọjá odò náà ṣáájú, wọ́n tilẹ̀ bá wọn ṣe é. Ejoor ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní jẹ́ kí Mídíwẹ́sìtì di pápá ìjà. Ó ní àwọn ọmọ Ìgbò nílé, ó ní àwọn tí kì í ṣe Ìgbò nílé, ó sì rò pé bí òun bá dúró láàárín, ogun yóò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Èmi kò dá a lẹ́bi fún èrò yẹn, nítorí kò sí èyí tí ó dára nínú ọ̀nà yòókù tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin Àsàbà ní Ìbàdàn kọ̀wé:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Àsàbà ni ìyá mi ti wá, mo sì ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti òkè délẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ bí ogun náà ṣe lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ẹ kò tíì sọ bí ó ṣe padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, nítorí kò ṣeé yọ kúrò lára ìjà Ọ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ogun Murtala ń sún mọ́ Bìní, Okonkwo kéde ilẹ̀ olómìnira kan tí ó pè ní Bìní. Ìjọba yẹn kò ju bí ọjọ́ kan lọ. Bí wọ́n ṣe gba ìlú náà padà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó ń sọ èdè Ìgbò láti ilé dé ilé. Kì í ṣe ṣọ́jà nìkan ló ṣe é o, àwọn aládùúgbò náà ń nawọ́ sí aládùúgbò. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sapele àti Warri. Àwọn tí wọ́n pa yìí kì í ṣe ọmọ ogun Bánjọ, nítorí àwọn ọmọ ogun ti sá kọjá afárá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ẹ̀ka ogun kejì dé Àsàbà. Àwọn ọmọ ogun Bíáfírà ti kọjá sí Onitsha, wọ́n sì ti ba afárá náà jẹ́. Láti ọjọ́ 5 ni ìpànìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 7, àwọn àgbà ìlú pe gbogbo ènìyàn jáde láti fi hàn pé ti Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn ń ṣe. Tọkùnrin tobìnrin ló jáde, àwọn púpọ̀ wọ akwa ocha, aṣọ funfun ìbílẹ̀ wa, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin. Àwọn ṣọ́jà ya obìnrin àti ọmọdé sọ́tọ̀, wọ́n kó àwọn ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí Ogbe-Osowa, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Iye tí àwọn olùwádìí fojú bù fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún títí dé 1,000, àwọn mìíràn sì ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gowon wá sí Àsàbà ní ọdún 2002, ó sì tọrọ àforíjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: bí ogun Ọ̀rẹ̀ ṣe jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù ba Èkó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó gbin ìbínú sínú àwọn ọmọ ogun tí ó lé wọn padà. Wọ́n gbà pé àwọn ará Mídíwẹ́sìtì tí ó ń sọ Ìgbò ló ṣílẹ̀kùn fún Bánjọ. Àwọn ọ̀gá ológun díẹ̀ ló mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́, akọ̀wé ilé ìjọba, apẹja àti ọmọ ilé ìwé ló san án. Bí a bá ń sọ pé ìjà Ọ̀rẹ̀ le kú, ó yẹ kí orúkọ Àsàbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ajagunfẹ̀yìntì kọ̀wé:

Ọmọ mi, mo gbọ́, òtítọ́ lo sì sọ. Kò sí àṣẹ ológun kankan tí ó lè dá èyí láre. Mo fẹ́ fi kún un pé ìbínú yìí kan náà ba iṣẹ́ ogun jẹ́. Murtala kò fẹ́ dúró. Wọ́n gbà á níyànjú láti olú ilé iṣẹ́ ológun pé kí ó gba Idah kọjá Odò Ọya, kí ó sì ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Onitsha. Àlàní Akínrìnádé, tí ó ṣe olórí bìrìgéèdì kan lábẹ́ rẹ̀, kò fara mọ́ kí wọ́n kọjú sí Onitsha láti Àsàbà rárá, ó sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Murtala fi ọkọ̀ ojú omi kó ènìyàn kọjá, àwọn ará Bíáfírà ṣẹ́gun wọn, ó tún kó òmíràn, wọ́n tún ṣẹ́gun wọn. Ẹ̀mí tí ó bá omi lọ níbẹ̀ kò kéré. Nígbà tí ó padà gba Idah tí ó sì wọ Onitsha ní oṣù kẹta ọdún 1968, ọ̀nà tí wọ́n júwe fún un tẹ́lẹ̀ náà ló gbà. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n tún dènà de ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ka ogun náà ní Abagana, wọ́n sì sun ún.

Ọmọ Àgbẹ̀ Akànran kọ̀wé:

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni tèmi, lórí ohun tí Ìyá Akọ̀tàn sọ pé ìlẹ̀kùn Ìwọ̀-Oòrùn kò ṣí. Kò ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo àwọn tí ó wà nínú ilé ló ń jẹun yó. Gbèsè ogun wà lára ohun tí ó mú owó orí wúwo lọ́rùn àwọn àgbẹ̀ kòkó. Láti ìparí ọdún 1968 ni Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó kọ owó orí náà, ti dìde ní àyíká Ìbàdàn, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, ni àwọn yóò san. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀, nígbà tí ìjọba kan náà ń jagun lọ́wọ́ ní ìhà Owerri. Awólọ́wọ̀ ló lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà sí pọ́n-ùn méjì. Èyí jẹ́ kí n gbà pé àìdìde Ìwọ̀-Oòrùn fún Bánjọ kò wá láti inú ìfẹ́ sí ìjọba Gowon. Ẹni tí ó ń bọ̀ náà ni wọn kò gbà gbọ́.

Ọmọ Odò Olúwa kọ̀wé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ajagunfẹ̀yìntì, mo gba ọ̀rọ̀ yín nípa pípín ogun sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n mo ṣì rí ọwọ́ ìṣèlú nínú ìyẹn pàápàá. Ẹni tí ó fẹ́ gba Èkó yóò kó gbogbo ogun rẹ̀ sí Ọ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ di Mídíwẹ́sìtì mú yóò tú u ká sí Auchi àti Warri. Wọ́n fẹ́ ṣe méjèèjì nítorí pé Ojukwu àti Bánjọ kò fẹ́ ohun kan náà.

Ẹ wo bí ó ṣe parí fún un. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí Bìní bọ́, wọ́n yìnbọn pa Victor Bánjọ ní Enugu, pẹ̀lú Emmanuel Ifeajuna, Phillip Alale àti Sam Agbam, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Ojukwu tí wọ́n sì ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, Ifeajuna wà lára àwọn tí ó ṣáájú ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, Enugu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Shuwa. Láti ìgbà náà títí Philip Effiong fi kéde ìtúúbá ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1970, Bíáfírà kò tún rí ẹnikẹ́ni tí yóò bá ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe ará Ìlà-Oòrùn sọ̀rọ̀ pé ogun yìí kan òun náà. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n sọ nù ní Ọ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì tóbi ju ilẹ̀ tí wọ́n gbà tí wọ́n tún pàdánù lọ.

Ọmọbìnrin Àsàbà, ẹ ṣeun tí ẹ kọ èyí sílẹ̀ fún wa. Mo máa gbé e lọ sí òkè ìjíròrò yìí kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tètè rí i.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé ní Ọ̀rẹ̀, Òdìgbó, Òkìtìpupa tàbí Oǹdó ni pé kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: níbo ni àwọn ará abúlé sá sí lọ́sẹ̀ yẹn, àti kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ìgbò tí ó ń ṣòwò tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko ní àárín wọn nígbà tí ogun ń padà sẹ́yìn? Ẹ kọ orúkọ abúlé náà sí i, ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́.